Ààlà ilé-ìwé kì í ṣe ààlà oko

Àwọn baba wa máa ń sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń gbin pèrègún sí ẹ̀bá oko, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ ibi tí ilẹ̀ òun parí sí. Ṣùgbọ́n ààlà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò, tí kò sì ní pèrègún kankan. Ààlà ilé-ìwé ni. Òun ni ó ń sọ pé àwọn ọmọ agbolé yìí yóò lọ sí ilé-ìwé yìí, àwọn ọmọ abúlé kejì yóò sì lọ sí tòhún. Nígbàkígbà tí ilé-ìwé tuntun bá ṣí ilẹ̀kùn, ààlà àtijọ́ kò wúlò mọ́ bí ó ti wà. A ní láti tún un fà. Èrò mi ni pé a kò gbọdọ̀ fà á bí ẹni tí ń pín oko, a kò sì gbọdọ̀ fà á ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Òfin Ńlá ti orílẹ̀-èdè Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006, ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn àwọn òbí ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti wà lóko àti lẹ́yìn ẹran wá sínú kíláàsì. Níbi púpọ̀, àga kò tó mọ́. Abúlé lórí abúlé ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́ ilé-ìwé fún àwọn náà. Òfin ọdún 1999 lórí ètò àwọn kọ́múùnù sì fi kíkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti títún un ṣe lé kọ́múùnù lọ́wọ́. Kọ́múùnù ni ó ń bójú tó ilé, ìjọba àpapọ̀ ni ó ń rán olùkọ́ wá. Ọwọ́ méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí ọwọ́ méjèèjì kò bá fi ohùn ṣọ̀kan, orí òbí àti ọmọ ni ẹrù náà yóò já lé.

Ilé-ìwé tuntun kì í dàgbà ní ọjọ́ kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kíláàsì CI nìkan ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kejì, CP yóò dé. Ní ọdún kẹta, CE1. Ọdún kẹfà ni yóò tó ní CM2, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò CEP. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí, ìyá kan náà lè ní ọmọ méjì ní ilé-ìwé méjì. Àbúrò ń lọ sí ti tuntun, ẹ̀gbọ́n ń lọ sí ti àtijọ́. Ta ni yóò mú àbúrò dání sọdá títì? Ẹ̀gbọ́n ni ó yẹ kí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn ti pínyà.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá fa ààlà, nǹkan méjì ni ó lè ṣẹlẹ̀, kò sì sí èyí tí ó dára nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo òbí sá lọ sí ilé-ìwé tuntun nítorí pé ògiri rẹ̀ ń dán, tí ilé-ìwé àtijọ́ á sì ṣófo. Bí ọmọ bá dín, wọn a mú olùkọ́ kúrò, olùkọ́ kan ṣoṣo a wá máa kọ́ kíláàsì méjì pa pọ̀. Èkejì ni pé kí gbogbo òbí dúró sí ti àtijọ́, nítorí pé olùkọ́ ibẹ̀ ti di ẹni mímọ̀, tàbí nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ. Ilé tuntun tí a fi owó ìlú kọ́ a wá di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn, nígbà tí àwọn ọmọ ń fún ara wọn pa lórí àga ní ilé kejì.

Ó yẹ kí a fa ààlà, nígbà náà. Kí ni kí a fi fà á? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ìjà. Bí a bá ní kí abúlé méjì lo ilé-ìwé kan, àwọn kan á béèrè pé orúkọ abúlé wo ni a kọ sí ara rẹ̀. Àwọn mìíràn á rántí ìjà ilẹ̀ tí àwọn baba wọn jà, wọ́n á ní ọmọ àwọn kò ní tẹ ilẹ̀ àwọn tọ̀hún. Olórí abúlé á rò pé bí àwọn ọmọ òun bá lọ kọ́ ìwé ní abúlé kejì, ó dà bí ẹni pé òun ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n èrò yìí kò tọ́. Ààlà oko ń sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ààlà ilé-ìwé kò sọ pé ẹnikẹ́ni ni ilẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ yóò tọ̀ dé ibi ìwé nìkan ni ó ń tọ́ka sí. Ààlà oko gbọ́dọ̀ dúró kí ìdílé má baà jà. Ààlà ilé-ìwé gbọ́dọ̀ máa yí padà bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i àti bí ilé-ìwé ti ń pọ̀ sí i.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí ìlà tí a fà láìbéèrè ń ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ibi tí ilẹ̀ wọn yóò ti pàdé ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Wọn kò béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kankan. Ilẹ̀ Kétu pín sí méjì: Kétu wà lábẹ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ sì bọ́ sí abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan wà ní apá ọ̀hún, ìbátan wà ní apá ìhín. N kò sọ pé ìlà ilé-ìwé tó ìyẹn ní ìwúwo. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ń fa ìlà lórí ìwé láìfi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ yóò gé ohun tí kò yẹ kí a gé.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ọmọ ni kí a fi wọn ọ̀nà. Kí a má kàn wo ìwé àwòrán ilẹ̀ kí a sọ pé abúlé yìí súnmọ́ ilé-ìwé yìí. Lórí ìwé, odò kékeré kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ní ìgbà òjò, odò kan náà lè gbé ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ẹni tí ó bá mọ Ṣábẹ mọ títì ńlá tí ó ti Kútọnu wá tí ó ń lọ sí Párákú. Ilé-ìwé tí ó wà ní òdìkejì títì bẹ́ẹ̀ lè súnmọ́ ojú, kí ó sì jìnnà sí ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ dúró de ọkọ̀ akẹ́rù kí ó tó sọdá. Ní àárín Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ jíjìn kọ́ ni ó ṣòro jù. Ọ̀rọ̀ èrò ni: ilé-ìwé lè wà nítòsí ara wọn, kí ọ̀kan kún àkúnya, kí èkejì ní àyè. Òfin kan kò lè bá gbogbo ibi mu. Ìyá tí ó ń gbé ẹrù lọ sí ọjà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ mọ ọ̀nà tí ó léwu ju ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Kí a pè é sí ìpàdé, kí a sì gbọ́ tirẹ̀.

Ìlànà yíyan ilé-ìwé fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí àdúgbò kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1963 ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Ní ọdún 2007, wọ́n dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀ kí òbí lè béèrè ilé-ìwé mìíràn. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì tíì tán. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ààlà tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ń bí ẹ̀tàn: òbí á lọ fi àdírẹ́ẹ̀sì arákùnrin rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni òun ń gbé. Ààlà tí ó fi àyè sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ní tirẹ̀, kì í ṣe ààlà mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Èmi ni mo bí ọmọ mi, ibi tí ó bá wù mí ni yóò lọ.” Mo gbọ́ wọn. Òbí ni ó ń jí ní òwúrọ̀, òbí ni ó ń ra ìwé àti aṣọ. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ìjọba jẹ́ ti gbogbo wa. Bí ọmọ mi bá jókòó sí àyè tí ó tọ́ sí ọmọ tí ó súnmọ́ ibẹ̀, ọmọ yẹn ni yóò rin ọ̀nà jíjìn dípò tèmi. Kò sí òbí tí yóò fẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun.

Àánú gbọ́dọ̀ wà nínú ìlànà náà pẹ̀lú. Ọmọ tí ó ti dé CM2 ní ilé-ìwé àtijọ́, kí a jẹ́ kí ó parí níbẹ̀, kí ó ṣe CEP lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìyá kan náà, kí a má pín wọn bí òbí wọn kò bá fẹ́. Kí ilé-ìwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn aláṣẹ bára wọn sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ọ̀sán, kanga àti ilé ìgbẹ́. A kò lè sọ fún ọmọ pé kí ó fi ibi tí ó ti ń jẹun sílẹ̀ lọ sí ibi tí ebi yóò ti pa á, kí a wá máa yà á lẹ́nu pé kò lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Bí òbí bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa ààlà tuntun ní oṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé, ó ti pẹ́ jù. Kí a sọ ọ́ kí àwọn ọmọ tó gba ìsinmi gígùn, kí ẹni tí kò tẹ́ lọ́rùn lè ráyè sọ tirẹ̀, kí a sì dá a lóhùn. Kí a kọ ọ́ ní èdè Faransé àti ní èdè Yorùbá. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ìwé méjèèjì, kí akéde sì ké e ní ọjọ́ ọjà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, iṣẹ́ yín wà nínú èyí. Nígbà kan, ẹlòmíràn ni ó ń ka ìwé ìjọba fún yín, ohun tí ó bá wù ú ni ó sì lè sọ pé ó wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ti kọjá. Bí wọ́n bá ṣí ilé-ìwé tuntun ní àdúgbò yín, ẹ béèrè ìwé tí a fi fa ààlà rẹ̀. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ wò ó bí orúkọ agbolé yín bá wà nínú rẹ̀, ẹ sì kà á sókè fún aládùúgbò tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà. Bí ọ̀nà tí wọ́n yàn bá gba inú odò tàbí kọjá títì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀rì àti ọ̀gá àwọn olùkọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fa ọ̀nà fún àwọn ọmọ yín lẹ́yìn yín.