Ẹni Tó Ṣiṣẹ́ Abẹ Ìbàdí, Ẹ Má Ní Kó Kúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ìbàdí la gbé wá lónìí. Ẹ má sọ pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú iṣẹ́ dókítà. Ó kàn wá gan-an.

Ọ̀pọ̀ gbà pé arúgbó tó ṣubú nìkan ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ láyé, àrùn yìí sì máa ń bá eegun jà. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé orí eegun itan mọ́, eegun náà á kú díẹ̀díẹ̀, á sì wó. Ìdí nìyí tí ọmọ ogún ọdún fi lè máa tiro.

Oríkèé ìbàdí dà bí ìgbà tí orí ọmọ odó bá wà nínú odó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, dókítà ará Ìlú Ọba kan, John Charnley, ṣe irú iṣẹ́ abẹ tí ayé ń tẹ̀ lé títí dòní ní ilé ìwòsàn Wrightington. Ó gé orí eegun tó bàjẹ́ kúrò, ó fi irin olórí roboto rọ́pò rẹ̀, ó sì fi ike líle ṣe odó tí irin náà á máa yí nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń kàwé ṣe é. Ó ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún fún òun. Òun ń gbọ́ ìró òòlù bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, ṣùgbọ́n kò dun òun. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó dìde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin péré ló gbé, ó sì làágùn bí ẹni tó roko. Síbẹ̀, ìrora àtijọ́ ti lọ. Ojú ọgbẹ́ ló kù.

Ilé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìlànà tí wọ́n fún un, ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì lè kà á. Àpótí ni wọ́n gbé fún un pé kó jókòó jẹun. Nígbà tí àlejò dé, ó jókòó kí wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fajú ro: "Ṣé wọ́n gé ẹ̀kọ́ ilé kúrò lára ẹ ni?" Ojú tì í, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló sáré dì í mú.

Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ abẹ kì í parí sí yàrá dókítà. Ilé ló ń parí sí, èdè ilé sì ni Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà máa ń sọ nípa ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 àkọ́kọ́ kò le láti sọ:

Ẹ má jẹ́ kí orúnkún yín ga ju ìbàdí lọ. Kò sí àpótí, kò sí ìlóṣòó, kò sí ṣálángá.

Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lórí èkejì. Bí ẹ bá sùn, ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín itan.

Ẹ má yí ẹsẹ̀ náà sínú. Bí ẹ bá fẹ́ wẹ̀yìn, ẹ yí gbogbo ara.

Bí ẹsẹ̀ bá wú tó ń dunni, tàbí tí èémí kò délẹ̀, ẹ padà sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹni tó bá rú àwọn òfin wọ̀nyí, irin náà lè yẹ̀ kúrò nínú odó rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ àti ìdìde lè tẹ ìbàdí kọjá bó ṣe yẹ.

Àwọn kan á ní à ń ba àṣà jẹ́. Rárá o. Ta ló ń ní kí ẹni tó ru omi dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀ ọ́? Mùsùlùmí tí kò lè tẹrí ba ń jókòó kírun. Lórí fóònù, ṣebí a máa ń sọ pé "Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà," tí àgbà á sì súre fún wa? Ọ̀wọ̀ tí ẹnu lè gbé dé Èkó láti Ìbàdàn, kò yẹ kó ṣòro fún un láti dé orí àga tó wà níwájú ẹni.

Nítorí náà, kí ilé ìwòsàn pe àwọn ará ilé aláìsàn jókòó, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé, kí wọ́n sì fún wọn ní ìwé tí wọ́n lè kà. Àwa tí à ń kọ́ èdè yìí ni ká bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń bi wá pé kí la fẹ́ fi Yorùbá ṣe, ọ̀kan nìyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn yìí nílé, ẹ bá a wá àga gíga lónìí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.