Ilé ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Èèyàn ló ń dá bíà inú àgbá sí, kì í ṣe òrùlé àtijọ́

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá dé London ló máa ń fẹ́ wo àwọn ilé ọtí àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pọ́ọ̀bù. Wọ́n á wo igi òrùlé, wọ́n á béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ra bíà inú ìgò tó tutù bíi yìnyín, irú èyí tí wọ́n lè rí mu ní Èkó, Cotonou tàbí Accra. Ohun tí ilé náà wà fún gan-an, wọn kò ní tọ́ ọ wò.

Bíà inú àgbá ni ohun náà. Tí ìrìn àjò láti pọ́ọ̀bù kan sí òmíràn bá máa nítumọ̀, ìdí àgbá ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé lè dúró fún 300 ọdún, kódà tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀ ọ́. Bíà yìí kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìsí ẹni tó ń mu ún.

Ọtí tó ṣì wà láàyè

Ọkà báálì, omi, ìwúkàrà àti ewéko kíkorò tí wọ́n ń pè ní hops ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, bíi ti bíà yòókù. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé wọn kì í fi iná pa ìwúkàrà inú rẹ̀, wọn kì í sì í sẹ́ ẹ kó tó wọ inú àgbá. Ó ṣì ń hó lọ nínú àgbá náà títí tó fi máa dé àjà ilẹ̀ ilé ọtí.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀gá ilé ọtí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àgbá náà sinmi kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, kó fi igi kékeré sí ihò òkè rẹ̀ kí gáàsì tó pọ̀ jù lè jáde, kó sì rí i pé àjà ilẹ̀ náà wà ní nǹkan bíi 12 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó ń tà á yóò fi ọwọ́ fa irin gígùn kan lórí káńtà, ọtí á sì gòkè wá sínú ife. Kò sí gáàsì tó ń tì í.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé bíà Gẹ̀ẹ́sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tutù níwọ̀nba, kí ahọ́n lè mọ adùn ọkà àti ìkorò ewé rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ẹmu yóò tètè lóye ìyókù. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ kì í rí bákan náà tó bá di ìrọ̀lẹ́, èyí tó bá sì sùn mọ́jú ti kan. Gbàrà tí wọ́n bá ti ṣí àgbá bíà yìí, tí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta ló kù fún un. Àgbá tó wọ́pọ̀ jù ń gba gálọ̀nù 9, ìyẹn páìntì 72. Tí àwọn oníbàárà kò bá mu ún tán lásìkò, ìyókù á bàjẹ́. Ọ̀gá ilé ọtí tó bá da ọtí nù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á padà sórí bíà onígáàsì. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

Ní ọdún 1971, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń fi bíà onígáàsì rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin mẹ́rin dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ láti gbèjà rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni ẹgbẹ́ náà ṣe. Síbẹ̀, ìpolongo nìkan kọ́ ló ń mú kí àgbá gbẹ.

Òfin kò lè mu ọtí

Ẹ wo The George ní Southwark, nítòsí London Bridge. Iná ńlá jó àdúgbò náà ní 1676, wọ́n sì tún ilé náà kọ́ ní 1677. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù ní London nínú àwọn ilé ìbùwọ̀ tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin máa ń yà sí láyé àtijọ́, tó sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ igi lókè. Àjọ National Trust ló ni ín, òfin sì ń dáàbò bò ó. Àmọ́ kò sí òfin tó lè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni wá mu ọtí níbẹ̀.

Ẹ tún wo The Ivy House ní Nunhead, tí kò jìnnà sí Peckham, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún ní ojú pópó. Wọ́n ti ilé náà pa ní 2012, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ará àdúgbò pé ilé gbígbé ni wọ́n máa sọ ọ́ dà. Òfin Localism Act ti 2011 fún wọn láyè láti gbìyànjú láti rà á. Ní 2013, èèyàn tó lé ní 300 ra ìpín nínú rẹ̀, ó sì di tiwọn.

Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Ẹni tó bá ní ìpín nínú ilé ọtí á máa wá síbẹ̀, á sì mú ọ̀rẹ́ dání. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ìjọba ti dín owó orí bíà tí wọ́n ń fà nínú ilé ọtí kù sí ti èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ oníbàárà ló ṣì ṣe pàtàkì jù.

Ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ aláwọ̀ dúdú

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ní ìdí tí ara wọn kò fi balẹ̀ ní pọ́ọ̀bù. Ní 1964, Paul Stephenson, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ ilé ọtí Bay Horse ní Bristol. Wọ́n ní kó jáde, ó kọ̀. Ọlọ́pàá tì í mọ́lé, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ní Smethwick, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ India náà ń bá irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ jà, Malcolm X sì lọ síbẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1965. Kí ọdún náà tó parí, òfin Race Relations Act ti ka lílé èèyàn jáde nílé ọtí nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ sí èèwọ̀.

Lónìí, ní Smethwick àti West Bromwich, àwọn tó ti ìran India wá ló ń darí pọ́ọ̀bù mélòó kan, tí wọ́n ń ta ẹran sísun pẹ̀lú bíà. Àwọn tí wọ́n ń lé jáde tẹ́lẹ̀ ló wá di ẹni tó ń gba ilé ọtí là.

Kò pọn dandan kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrìn àjò yìí mu àmupara. Ìlàjì páìntì wà, ìdámẹ́ta náà wà. Ẹ lè ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún yín tọ́ wò kí ẹ tó rà á. Tó bá ti kan, ẹ dá a padà. Ilé ọtí tó mọṣẹ́ á pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kì í mutí náà á rí oúnjẹ jẹ.

Ilé ọtí tó ní páìntì 72 láti tà láàrin ọjọ́ mẹ́ta kò ní oníbàárà tó lè lé dànù. Kò sì yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní London, Manchester tàbí Birmingham máa wo ibẹ̀ bí ilé àjèjì mọ́.