Ẹ Jẹ́ Kí Ìjàpá Òkun Máa Gbé Òkun

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń wọ iléeṣẹ́ láàárọ̀ ní Ọba Àkran, ní Orẹ́gùn àti ní Ògbà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń pàtẹ ní ọjà Agége, ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́ ike àti láílọ́ọ̀nù, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìjàpá òkun ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì yóò ní, kí ló kan Agége kan òkun? Ìró ọkọ̀ ojú irin là ń gbọ́ níbí, kì í ṣe ìró ìgbì. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ́ lọ́wọ́ wa ní Ìkẹjà àti Agége ń pa ẹran tí ọ̀pọ̀ wa kò fojú kàn rí, ó sì tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí òjò bá dá, ẹ wo ẹnu gọ́tà tó wà níwájú iléeṣẹ́ yín. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló ń léfòó lọ, pẹ̀lú ìdérí ìgò àti abọ́ tékéwèé funfun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ẹ ó tún rí hóró ike kéékèèké, funfun tàbí aláwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n ń yọ́ kí wọ́n tó fi ṣe korobá àti àpò. Ìgbà tí wọ́n ń já ẹrù ló dà sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbá a. Odò Ìyá Aláró ló ń gba omi Ìkẹjà. Ó gba apá Ọjọ́ta àti Méńdè kọjá, ó sì já sí ọ̀sà níhà Ògùdù. Ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Àpápá ni omi ọ̀sà fi ń jáde sí òkun. Ohun tí a bá jù nù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ní Ìkẹjà mọ ọ̀nà náà dáadáa.

Ta ló ń pàdé rẹ̀ lọ́hùn-ún? Ẹ̀yà ìjàpá òkun méje ló wà lágbàáyé, mélòó kan nínú wọn sì ń wá sí òkun tiwa, wọ́n ń gòkè wá yé sí etí òkun Èkó. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni leatherback. Kò ní ìkarahun líle bíi ti àwọn yòókù. Awọ dúdú tó yi ló bo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó lè gùn tó mítà méjì, kó sì wọ̀n ju 500 kílò lọ. Ẹran omi jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tí òyìnbó ń pè ní jellyfish ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà bá ti ń fẹ́ lẹ̀gẹ́lẹ̀gẹ́ nínú omi, jellyfish ni lójú rẹ̀. Ẹ̀gún rírọ̀ kún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, gbogbo wọn ló dojú kọ inú, kí ohun tó bá gbé mì má baà yọ̀ jáde. Èyí ni kò jẹ́ kó lè pọ ọ̀rá sẹ́yìn mọ́. Ọ̀rá yóò dí ìfun rẹ̀, ẹran náà yóò máa rò pé òun ti yó títí ebi yóò fi pa á kú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí à ń bà jẹ́. Abo nìkan ló ń gòkè wá sí iyanrìn, òru ló sì sábà máa ń wá. Yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbẹ́ kòtò, yóò kó ẹyin bí ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀, yóò bò ó, yóò sì padà sínú omi. Kò ní rí àwọn ọmọ náà. Ní bí oṣù méjì, wọ́n á pa, wọ́n á jọ wú iyanrìn jáde, wọ́n á sì dojú kọ ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù, nítorí pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru. Lónìí, iná òtẹ́ẹ̀lì ń tàn wọ́n lọ sójú títì. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, ó lè má ju ẹyọ kan lọ tí yóò dàgbà. Nítorí náà, àgbà ìjàpá òkun kan tí wọ́n bá dúńbú, ọ̀pọ̀ ọdún ló bá a lọ.

Wọ́n sì ń dúńbú wọn. Afẹ́fẹ́ ni ìjàpá òkun ń mí bí àwa náà. Bí àwọ̀n apẹja bá dè é mọ́ ìsàlẹ̀ omi, yóò kú. Èyí tí kò bá kú, wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí iyanrìn, ẹ̀yìn nílẹ̀, àyà lókè, ìwúwo ara rẹ̀ á máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Omi á máa dà lójú rẹ̀. Iyọ̀ òkun ni ara rẹ̀ ń tú dà síta, kì í ṣe ẹkún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i kò ní tètè gbàgbé. Gbogbo ẹ̀yà wọn ló wà ní ìpele àkọ́kọ́ nínú àdéhùn CITES, tó ka kíkó wọn tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀. Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn náà láti 1974.

N kò bá apẹja jà. Ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ya, tó sì ti náwó sórí epo ọkọ̀, ó ní ẹnu tó fẹ́ bọ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa iṣẹ́ Chinedu Mogbo àti àjọ rẹ̀, Greenfingers Wildlife Conservation Initiative, níbí ní Èkó nìyẹn: wọ́n ń fún apẹja ní ohun tí yóò fi tún àwọ̀n ṣe, kó lè jọ̀wọ́ ìjàpá òkun tó mú. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin aláàánú, ẹ má ṣe kówó lọ ra ìjàpá òkun nítorí pé ẹ fẹ́ tú u sílẹ̀. Owó yẹn ni yóò rán ẹlòmíì lọ mú òmíràn wá. Ẹ pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá apẹja sọ ọ́.

Àánú tí kò nímọ̀ tún ń pa ìjàpá orí ilẹ̀. Ìyẹn, tí gbogbo wa mọ̀ nínú àlọ́, kò lè lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá jù ú sínú ọ̀sà pé òun dá a sílẹ̀, ńṣe ló rì í.

Kì í ṣe ìjàpá nìkan ló ní ibi tó yẹ ẹ́. Aaka ò gbé ọ̀dàn, igbó ní ń gbé. Àwọn àgbà wa sọ bẹ́ẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ní oṣù Keje 2021, àwọn aṣọ́bodè gba ìpẹ́ aaka tó lé ní tọ́ọ̀nù méje ní Lẹ́kkí, pẹ̀lú eyín erin. Ẹ tún wo ọ̀bọ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi nínú ọgbà ilé, tí okùn ti jẹ ọrùn rẹ̀ wọlé. Ẹ wo odídẹrẹ́ inú àgò. Ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè CITES ti fẹnu kò ní Johannesburg pé kí òwò odídẹrẹ́ igbó láàárín orílẹ̀-èdè dópin. Ọmọ yín tó bá fẹ́ rí ọ̀bọ, ẹ mú un lọ sí ọgbà Nigerian Conservation Foundation ní Lẹ́kkí. Ibẹ̀ ni yóò ti rí ọ̀bọ tó ń fò láti orí igi dé orí igi, tí kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ọ̀bọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ ike. Ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ tékéwèé funfun ní oṣù Kìn-ín-ní 2024. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025, ó kan kọ́ọ̀bù ike àlòdànù, ṣíbí ike, sìtúrọ̀ àti ọ̀rá ìkẹ́rù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò sí nínú rẹ̀, ọwọ́ tiwa ni ìyẹn wà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbé àpò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ yín, kí oníbàárà máa ju ọ̀rá sí i. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má ṣe jù ú láti ojú fèrèsé dánfó. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹran tàbí ẹyin ìjàpá òkun lọ̀ yín, ẹ kọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, tiyín ló tóbi jù. Ẹ ní kí wọ́n gbá hóró ike tó dà sílẹ̀ ní àgbàlá yín lójoojúmọ́, kí ẹ sì fi àwọ̀n irin sí ẹnu gọ́tà yín kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó dé.