Ìwé Tí Wọ́n Kọ Nítorí Ìsọ̀ Ẹlẹ́mu

   Ọ̀rọ̀ kan bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò sì fẹ́ dá a rò.

Ìwé kan ni wọ́n gbé tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ ni, pé kí wọ́n wá wó àtíbàbà ẹlẹ́mu tó wà ní ìkángun ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, àti bùkà ìyá alámàlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlélógún ti fọwọ́ sí i kó tó kàn mí. Alàgbà tó gbé e wá ní, "Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìwà, ọwọ́ yín ló yẹ kó ti ṣáájú." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú un dé ilé kí n lè kà á dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Mo ti kà á tán lójú ẹsẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni bí n ó ṣe sọ fún wọn pé mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹ̀sùn wọn kì í ṣe àhesọ. Ẹlẹ́mu lásán ni orúkọ ọkùnrin náà. Láti 1949 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bía Star ní Èkó ni ìgò ti ń lé igbá kúrò lọ́wọ́ ọ̀mu, ìsọ̀ tiwa náà kò sì yàtọ̀: bía wà níbẹ̀, ọtí inú ọ̀rá sì wà lábẹ́ tábìlì. Ọmọ méjì nínú kíláàsì mi ni mo fi ọwọ́ ara mi fà jáde níbẹ̀ ní agogo mọ́kànlá àárọ̀, ọ̀rá ọtí wà lọ́wọ́ wọn, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn wọn. Ẹni tó bá ní ilé ọtí kì í ba ọmọ jẹ́, ẹ bi í pé ọmọ tirẹ̀ dà.

Síbẹ̀, nígbà tí mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì lálẹ́, Òṣogbo ni ọkàn mi lọ, sí ilé ọtí kan tó ti wà kí wọ́n tó bí mi. Popular Bar ni wọ́n ń pè é. Dúró Ládiípọ̀ ló ni ín. Tíṣà lòun náà tẹ́lẹ̀, ọmọ oníwàásù sì ni. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde, ó sì gbé ìlù Yorùbá wọ inú ìjọ. Inú bí àwọn kan, wọn kò fẹ́ ìlù náà níbẹ̀.

Ní ọdún yẹn kan náà, Ulli Beier àti àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká àti Chinua Achebe ti gba ilé oúnjẹ àtijọ́ kan tí í ṣe ti ará Lẹ́bánónì ní Ìbàdàn, wọ́n sọ ọ́ di ilé ẹgbẹ́ Mbari. Ibi tí wọ́n ti ń gbé àwo oúnjẹ kiri di ibi eré àti àwòrán. Dúró rí èyí, ó fẹ́ irú rẹ̀ fún ìlú tirẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, Popular Bar ló fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ: Mbárí Mbáyọ̀, pé bí mo bá rí i, n ó yọ̀.

Wọ́n sì rí i. Ọba Mọ́rò ni wọ́n fi ṣí i. Ọba Kò So tẹ̀lé e ní 1963, ó dé Jámánì ní 1964, ó dé Ìlú Ọba ní 1965. Jimoh Buraimoh tó ń bá wọn tọ́jú iná eré di gbajúmọ̀ nídìí àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Twins Seven-Seven tó ti ń bá olóògùn jó kiri di ayàwòrán tí ayé ń wá. Ìlù tí wọ́n kọ̀ nínú ìjọ, ilé ọtí ló gbà á sílé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé Dúró mìíràn ń bẹ lábẹ́ àtíbàbà tiwa. Awakọ̀, káfíńtà, àti tíṣà kan tó máa ń fi fìlà bojú ni mo mọ̀ níbẹ̀.

Ti ìyá alámàlà ló dùn mí jù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ẹ̀kọ́ yìí, oṣù márùn-ún gbáko ni owó oṣù wa kò fi wọlé. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ mọ ohun tí àwìn oṣù márùn-ún ń ṣe fún ọjà. Ìyá yìí kò mọ̀wé; èédú ló fi ń fa ilà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, olúkúlùkù tíṣà ní ipò tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n bu àmàlà láìfi ẹran sí i, kí gbèsè mi má baà pọ̀. Wọ́n sọ pọ̀nmọ́ méjì sínú ọbẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ kọ́ ni mo fún. Àwọn ọmọ tí o fẹ́ lọ pariwo lé lórí ni." Nígbà tí owó dé, mo ka ilà mi, mo san án. Ilà ọ̀gá kan tó ti ṣaláìsí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó gùn ju tèmi lọ. Ìyá rẹ àkísà sómi, wọ́n nù ún nù, wọn kò sọ nǹkan kan.

Mo tún wo àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà. Mẹ́ta nínú wọn ní ilà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé mo dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i, mo sì fi tèmi lé e: kí ẹlẹ́mu má ṣí ìsọ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó jáde, kí ó má ta ohunkóhun fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì yọ orúkọ ìyá alámàlà kúrò pátápátá. Mo sọ fún alàgbà pé mo máa ń jókòó síbẹ̀. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àwọn yóò gbé e lọ sí ìpàdé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ìpàdé náà. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, n ó mú un wá fún yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.