Ta Ni Yóò Jíhìn fún Ọmọ Làìbéríà?

Ẹ̀yin ènìyàn wa, bàbá wo ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́, tí yóò sì fọwọ́ lẹ́rán? Ohun tí ìjọba Làìbéríà ṣe ní ọdún 2016 kò jìnnà sí i. Wọ́n mú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 93, tí í ṣe ti ìlú, wọ́n pín in fún agbaṣẹ́ṣe 8: ẹgbẹ́ aláàánú pọ̀ nínú wọn, ilé-iṣẹ́ tí ń wá èrè náà sì wà níbẹ̀.

Àwa kì í purọ́ mọ́ ẹni tí a ń bá jà. Àwọn olùṣèwádìí jẹ́rìí pé lẹ́yìn ọdún kan, àwọn ọmọ náà mọ̀wé ju ẹgbẹ́ wọn tó kù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè owó. Nǹkan bí dọ́là 50 ni ìjọba ń ná lórí ọmọ kan lọ́dún. Owó àwọn olùtọrẹ òkèèrè tún fi 50 lé e. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ Bridge nìkan ná ju 600 lọ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọdún kìn-ín-ní. Bí olùtọrẹ bá wá ká ọwọ́ rẹ̀ kò ńkọ́? Àdéhùn Bridge sì gbà á láyè láti dá ọmọ tí ó bá pọ̀ jù nínú kíláàsì padà. Ẹni tí ó ṣa iṣu ńláńlá lọ, ta ni ó fi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún?

Èyí tó burú jù ni ti ẹgbẹ́ More Than Me. Ní ọdún 2014 ni a mú ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, lórí ẹ̀sùn pé ó fipá bá àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ náà lò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjọba tún kó ilé-ẹ̀kọ́ ìlú lé ẹgbẹ́ kan náà lọ́wọ́!

Ẹnìkan yóò ní, ṣebí àwọn ìjọ ni ó ń ṣàkóso púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Jánúárì 1955. Òótọ́ ni. Ọmọ tí ó ju 800,000 lọ wọlé ní ọdún náà. Ṣùgbọ́n owó-orí àti kòkó wa ni a fi san án, ìjọ sì ń bẹ láàárín wa. Ẹni tí olùkọ́ bá ṣe ọmọ rẹ̀ báṣubàṣu mọ ilé àlùfáà, ó sì mọ ilé aṣòfin tí ó dìbò fún. Àgbẹ̀ ìgbèríko Làìbéríà ńkọ́? Ìjọba yóò ní kí ó lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe yóò ní ìwé àdéhùn òun ti parí.