Òtítọ́ Ni Wọ́n Ń Wá, Àbí Àga?

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Oòduà tó wà ní Warri, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ìjọ kan bá pín sí méjì lójú títì Warri–Sapele yìí, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Pásítọ̀ ti kúrò nínú òtítọ́." Kò ní pẹ́ tí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ yóò fi gba ṣọ́ọ̀bù, tí yóò gbé pátákó síta, tí oyè tó kọ síbẹ̀ yóò sì gùn ju ti ọ̀gá tó fi sílẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣóogùn ni Samuel Àjàyí Crowther, àjò ló sì ti ṣiṣẹ́ bíi tiwa, lẹ́bàá Odò Ọya títí dé Bonny àti Brass. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Henry Townsend tó wà ní Abẹ́òkúta kò fẹ́ kí òyìnbó wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Wọ́n fi í jẹ náà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ Èkó àti Abẹ́òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Bíṣọ́ọ̀bù tí kò láṣẹ nílẹ̀ baba rẹ̀.

Èyí tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní Onitsha, ní oṣù kẹjọ ọdún 1890. J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke, tí Brooke kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún 25 lọ, jókòó ní ìpàdé ìgbìmọ̀, wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ bàbá tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún lẹ́jọ́ níṣojú rẹ̀. Wọ́n lé àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn mìíràn lọ rọ́kún nílé. Bàbá fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891 ló kú, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn kan wà lára òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìwà wọn kò dára. A kò ní bo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń lé onílé jáde nítorí pé òrùlé ń jò?

Béèrè owó kì í ṣe ọ̀tẹ̀. Pásítọ̀ tó bá ń pe ẹni tó ní kí wọ́n ṣí ìwé owó ní Kóra àti Dátánì, ìgbéraga ń bẹ lára tirẹ̀ náà. Ẹni tó fẹ́ ìṣirò, bí ó bá rí ìwé, ara rẹ̀ á balẹ̀. Onílara kò tilẹ̀ ní wò ó. Lẹ́tà ìyapa ti wà lápò rẹ̀.

Ìjọ tí wọ́n ti ń fi Yorùbá gbàdúrà kò pọ̀ níhìn-ín. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń ka Bíbélì tí Crowther ṣe wàhálà ìtumọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń dáwó láti gbé òkú ará wa lọ sílé. Bí ó bá fọ́, àgbà méjì á ní àga, àwọn ọmọ á sì gba ìjọ onípíjìn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ máa ka ìwé owó sétí gbogbo ìjọ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn, kó fi àwọn ọmọ wa sílẹ̀ fún wa.