Ẹ̀rí Kan Ò Tó Dájọ́ Omi Ìkógòsì

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó tọwọ́ bọ omi gbígbóná Ìkógòsì l'Ékìtì kò tíì mọ bí ìsàlẹ̀ ṣe gbóná tó, torí omi a máa tutù bó ṣe ń gòkè. Ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ látara àpáta là ń bi léèrè. Omi gbígbóná ń gba silica ju tútù lọ, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi tútù bá lú u, silica á purọ́. Bí omi àti àpáta kò bá tíì pẹ́ pọ̀, ìṣirò sodium àti potassium lè bù mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìṣirò kan ṣoṣo ṣèlérí iná mànàmáná fún wa, ẹ bi í: àwọn ẹlẹ́rìí yòókù ńkọ́?